Òkúta tó ní omi nínú: bí a bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ṣé omi rẹ̀ á jáde ni?

Ọmọ_Èsìẹ́ | Àbámẹ́ta, 7:40 àárọ̀

Sàlámù àlékún, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé.

Tánkẹ̀ ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọmọ Èsìẹ́ ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú àlejò kan lọ wo àwọn ère òkúta wa nílé, ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àlejò yìí béèrè irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère náà. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ní soapstone ni, pé talc ló pọ̀ nínú rẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe pọ́dà. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ṣa ègé irú òkúta bẹ́ẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà oko (ti ère kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn ère yẹn). Mo fi èékánná ha á, ìyẹ̀fun funfun bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ tó ti gbẹ.

Nígbà tí mo délé ni mo kà á pé omi wà nínú talc. Omi, nínú òkúta tó gbẹ táútáú! Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá tẹ òkúta yìí bí ilẹ̀ ṣe ń tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé omi inú rẹ̀ á jáde ni, bí omi gàrí lábẹ́ jáàkì?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tún jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń sọ pé "ìlọ irin" ni orúkọ Ìlọrin ti wá, láti ara òkúta tí wọ́n ti ń pọ́n irin nígbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òkúta tó le tó bẹ́ẹ̀ kò lè súnkì rárá bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, pé ti Èsìẹ́ ló máa súnkì. Mo gbà fún un, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là á yé wa.

Ìyá_Ẹlẹ́gàrí_Òmù | Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀

Ọmọ mi, kú ìrìnàjò. Gàrí ni mò ń ṣe ní Òmù-Àrán, ó ti pẹ́. Bí a bá rin gbágùúdá tán, tí a dì í sínú àpò, tí a gbé e sábẹ́ jáàkì, omi á máa ro tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di àárọ̀, a ní láti fọwọ́ fọ́ ọ kó tó ṣeé kù. Ohun tó bá ti ní omi nínú, tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà jáde. N ò rí bí ti òkúta ṣe máa yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta | Àbámẹ́ta, 8:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Omi tó wà nínú àpò gàrí yín, omi tó ń ṣàn ni. Ó há sáàárín hóró gbágùúdá, ọ̀nà ló sì ń wá. Ti inú talc kì í ṣàn. Ẹ lọ òkúta náà kúnná bí èlùbọ́, ẹ ò ní rí ibi tó tutù níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ́síjìn kan àti haidirójìn kan tí wọ́n so mọ́ra, OH, tí wọ́n sì di ara òkúta náà pẹ̀lú magnesium àti silicon, bí búlọ́ọ̀kù ṣe jẹ́ ara ògiri. Kò tíì di omi. Ìgbà tí iná ńlá bá tú òkúta náà ká ni OH méjì á pàdé, wọ́n á di omi kan, ọ́síjìn kan á sì ṣẹ́kù sílẹ̀.

Nítorí náà, ìtẹ̀ nìkan kì í lé omi yìí jáde. Ooru ló ń lé e. Talc máa ń rí ooru tó súnmọ́ dígírì 900 kó tó tú u sílẹ̀, bí kò bá sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ìtẹ̀ bá tún wà lórí rẹ̀, dé ìwọ̀n kan, ṣe ló ń ran OH lọ́wọ́ láti dúró sí àyè rẹ̀.

Ní ti iye omi, nínú grámù 100 talc, èyí tí iná lè lé jáde kò tó grámù 5. Nínú kaolin, ìyẹn ẹfun tó mọ́, ó tó 14. Nínú gypsum tí àwọn oní-POP ń lò, ó tó 21, àmọ́ ti gypsum yàtọ̀, omi odidi ló jókòó sínú rẹ̀, kì í ṣe OH. Ìdí nìyẹn tí ooru kékeré fi ń lé e.

Talc yìí, ìpele ìpele ni, bí ewé ìwé. OH wà láàárín ewé kan sí èkejì, òun ló ń jẹ́ kó yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Amọ̀kòkò | Àbámẹ́ta, 9:30 àárọ̀

Òkèlele ní Ìlọrin ni mo wà, àdúgbò Dada ni ìyá mi ti ń mọ ìkòkò, ìyá tiwọn náà sì mọ ọ́n. Ohun tí arákùnrin yìí sọ, ojoojúmọ́ la ń rí i, a kàn ò mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Omi méjì ló wà nínú amọ̀. Èkíní ni òòrùn ń gbé lọ. Bí a bá ti mọ ìkòkò, a ó sá a títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, tí a bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò ní tutù mọ́. Èyí tí kò bá gbẹ dénú, tí a sáré gbé wọná, á bẹ́ gbàá, á sì fọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ dáadáa náà, bí a bá jù ú sínú omi kí iná tó mú un, á yọ́, á padà di amọ̀ tí a lè tún mọ. Bí iná bá ti wọ̀ ọ́ lára délẹ̀, ká fi ogún ọdún pọn omi sínú rẹ̀, kò ní padà di amọ̀ láéláé.

Ṣé omi kejì tí iná lé lọ yẹn ni ẹ̀ ń pè ní OH?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta | Àbámẹ́ta, 9:41 àárọ̀

Òun gan-an ni. Nínú amọ̀, láàárín dígírì 500 sí 600 ló máa ń lọ. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹ ṣe pín omi méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì.

Tísà_Ọ̀fà | Àbámẹ́ta, 11:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè kejì yẹn gidigidi, torí pé ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tan èèyàn jẹ.

Ọmọ Èsìẹ́, ọ̀nà méjì ni òkúta gbà ń le. Ká ha á, kó má ha: líle kan nìyẹn. Àtẹ Mohs ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, láti 1 dé 10. Talc ló wà ní 1, quartz, ìyẹn òkúta funfun tó ń dán, wà ní 7, dáyámọ́ńdì wà ní 10. Òkúta tó bá máa pọ́n irin gbọ́dọ̀ ní ohun tó le ju irin lọ nínú, quartz ló sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ká wá fún òkúta pọ̀ láti igun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kó kọ̀ láti súnkì: líle kejì nìyẹn, kò sì bá ti àkọ́kọ́ tan.

Ti kejì yìí ni ìwé fíṣíìsì ń pè ní bulk modulus. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ ká pè é ní agídí òkúta. GPa ni wọ́n fi ń kà á. 1 GPa tó ìlọ́po 10,000 afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ wá níbi tí a wà yìí. Ẹ fojú inú wo tìpà tó kó iyanrìn tọ́ọ̀nù 10, kí gbogbo ẹrù rẹ̀ dá lé orí èékánná ìka kan. Ẹ má bínú mà, Ìyá Ẹlẹ́gàrí, bí jáàkì yín bá jẹ́ ti tọ́ọ̀nù 20, tí ojú àpò sì jẹ́ ìdajì mítà níbùú àti lóròó, ìtẹ̀ tó dé ara gàrí kò tó ìdá kan nínú 1,000 GPa kan.

Agídí wọn nìyí. Omi lásán, 2.2 GPa. Talc, nǹkan bí 41. Irin, bí 165. Dáyámọ́ńdì, bí 440. Quartz ńkọ́? 37.

Ẹ tún un kà. Quartz tó ń ha dígí, agídí rẹ̀ kò tó ti talc tí èékánná ń ha! Bí a bá fi 1 GPa tẹ àwọn méjèèjì, ìkọ̀ọ̀kan á pàdánù ohun tó lé díẹ̀ ní 2 nínú 100 àyè tó ń gbà. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, èmi náà rò bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe rò.

Àyè tó ṣófo nínú wọn ló fà á. Nínú quartz, átọ́ọ̀mù so kọ́ra ní igun bí igi àtíbàbà òde ìnáwó. Igi kọ̀ọ̀kan le koko, ìdí sì nìyẹn tí èékánná ò fi ràn án, ṣùgbọ́n àárín wọn ṣófo, oríkèé wọn sì lè yí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, igi kò kúrú, àtíbàbà ló ń rọra ká mọ́ra. Ti talc, àlàfo àárín ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má súnkì ní ẹ̀gbẹ́, láti òkè sí ìsàlẹ̀ ewé ló ti ń dín kù.

Bíríkìlà_Gáà_Àkànbí | Àbámẹ́ta, 12:20 ọ̀sán

Tísà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ n ò tíì gbà. Mo ti fi òòlù fọ́ òkúta ní sáìtì títí ọwọ́ mi fi bó. Èyí tó funfun tó ń dán yẹn máa ń ta iná ni, á ta òòlù padà sí mi. Èyí tó bá rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó ti rún. Báwo la ṣe máa wá sọ pé ọgba ni wọ́n?

Tísà_Ọ̀fà | Àbámẹ́ta, 12:48 ọ̀sán

Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òòlù ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ yòókù ṣí sílẹ̀, òkúta á ya gba ibẹ̀. Talc kò ní agbára fún ìyẹn rárá, ewé rẹ̀ á yọ̀ lórí ara wọn.

Ẹ mú píọ́ wọ́tà kan, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ó bẹ́. Ẹ mú òmíràn, ẹ so òkúta mọ́ ọn, kí ẹ jù ú sí odò tó jìn. Omi tó wà lórí rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ ju bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ bí odò náà bá jìn tó, síbẹ̀ kò ní bẹ́, torí pé láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ni ìtẹ̀ náà ti ń wá, ó dọ́gba. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Kò ríbi ya sí, àfi kó súnkì.

Ọmọ_Èsìẹ́ | Àbámẹ́ta, 1:10 ọ̀sán

Píọ́ wọ́tà yìí ló là á yé mi. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ òkúta tó bẹ́ẹ̀ láti mọ gbogbo èyí? Ta ló ní tìpà tí yóò gbé lé èékánná?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta | Àbámẹ́ta, 2:03 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò nílò tìpà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ kan gbà á. Dáyámọ́ńdì méjì ló dojú kọra. Wọ́n ti bẹ́ ṣóńṣó wọn kó rí pẹrẹsẹ, ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tó ní ihò bíńtín sáàárín, wọ́n á fi hóró òkúta tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí sínú ihò náà, pẹ̀lú ohun olómi kan tó máa jẹ́ kí ìtẹ̀ náà dọ́gba láti igun gbogbo, bí odò Tísà. Wọ́n á wá fi síkúrù fún un.

Bí ibi tí ẹrù dá lé bá ti kéré, ìtẹ̀ á pọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì 4, kílò 200 péré, bó bá dá lé ṣóńṣó tó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, 10 GPa nìyẹn. Ìtẹ̀ tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 300 nínú ilẹ̀ nìyẹn o!

Ẹ́síreè sì ń gba inú dáyámọ́ńdì kọjá. Wọ́n á ta á lu òkúta náà, bó ṣe ta padà ni wọ́n fi ń mọ àlàfo tó wà láàárín ìpele átọ́ọ̀mù. Nínú talc, láti ewé kan dé èkejì kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà, síbẹ̀ wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń rí i bó ṣe ń dín kù bí síkúrù ṣe ń yí. Ọdún 1958 ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, Percy Bridgman ti fi ẹ̀rọ ńláńlá ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti fíṣíìsì lọ́dún 1946.

Bíríkìlà_Gáà_Àkànbí | Àbámẹ́ta, 2:30 ọ̀sán

Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin tí mò ń rù lójoojúmọ́! Ó dáa, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ti iṣẹ́ tèmi: omi tí à ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, tó ń gbẹ mọ́ ọn lára, ṣé ó ń di irú OH yìí?

Tísà_Ọ̀fà | Àbámẹ́ta, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú omi yẹn kò gbẹ lọ, ara sìmẹ́ǹtì ló wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù tuntun, kó má bàa gbẹ kó tó mu tán. Ọ̀kan nínú ohun tó ń dà ni calcium hydroxide.

Ọmọ Èsìẹ́, níbí ni ìdáhùn rẹ wà. Calcium oxide tí kò ní omi, agídí rẹ̀ lé ní 110 GPa. Bí ẹ bá da omi sí i, á gbóná, á hó, á di calcium hydroxide, agídí rẹ̀ á já sí nǹkan bí 38. Ti magnesium náà bẹ́ẹ̀: láìsí omi, 160, bó bá ti gba omi, ó di bí 40. Omi ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agídí rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òkúta gbígbẹ ṣì ni.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé OH máa ń la òkúta sí ìpele. Níbi tí átọ́ọ̀mù ti di ara wọn mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, haidirójìn á dé, á kọjú sí àárín, àlàfo á wà níbẹ̀. Àlàfo náà ló ń rọrùn láti tẹ̀. Bó bá sì ti ń pa dé, agídí á tún máa gòkè. Ẹ rántí fóòmù ibùsùn: ìka kan àkọ́kọ́ rọrùn, lẹ́yìn náà ẹ ó máa bá pákó abẹ́ rẹ̀ jà.

Ọmọ_Òró | Àbámẹ́ta, 9:55 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Jámánì ni mo wà, iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Inú mi dùn láti ka èyí ní èdè wa, mo fẹ́ tún ohun kan ṣe kó má lọ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta kọ pé nínú talc, "OH wà láàárín ewé kan sí èkejì, òun ló ń jẹ́ kó yọ̀." Kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Ewé talc kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́ta ló lẹ̀ pọ̀: silicon lókè, silicon nísàlẹ̀, magnesium láàárín. Inú ewé náà gan-an ni OH wà, lọ́dọ̀ magnesium. Láàárín ewé sí ewé, kò sí nǹkan kan. Ewé kò ní iná mànàmáná tí yóò fi fa ewé kejì mọ́ra dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Magnesium hydroxide tí Tísà sọ ni OH ti kọjú síra wọn ní àlàfo.

Èyí tó wù mí jù lọ kan ẹfun. Wọ́n tẹ kaolin pẹ̀lú omi nínú ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017. Nígbà tó dé nǹkan bí 2.7 GPa, nínú ooru dígírì 200, kàkà kó súnkì sí i, ó ṣí àlàfo rẹ̀, ó mu omi odidi wọlé, ó sì wú ní nǹkan bí 31 nínú 100. Òkúta kan tí wọ́n ń pè ní natrolite náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní ìtẹ̀ tó kéré sí ìyẹn.

Ìyá_Ẹlẹ́gàrí_Òmù | Àìkú, 6:20 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Mo ti gbà pé ti òkúta yàtọ̀. Àmọ́ èyí tí ọmọ Òró sọ gbẹ̀yìn yìí ò yé mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tún wú? Ibo ni ìtẹ̀ náà wá lọ?

Ọmọ_Òró | Àìkú, 8:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ máa wo amọ̀ àti omi tó yí i ká pọ̀. Nígbà tí wọ́n dá wà, omi gba àyè tirẹ̀, amọ̀ gba tirẹ̀. Nígbà tí omi wọ inú amọ̀, amọ̀ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó wà níta ti dín kù ju bí amọ̀ ṣe tóbi lọ. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì gba àyè tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀ rí ohun tó ń wá.

Ó ṣe pàtàkì nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ òkun máa ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù, àwọn òkúta báyìí ló sì ń bá a gbé omi lọ sísàlẹ̀. Níbi tí ooru bá ti borí wọn, wọ́n á tú omi sílẹ̀. Omi á gòkè, á mú kí òkúta gbígbóná orí rẹ̀ tètè yọ́, òkè oníná á sì yọ. Àwọn kan gbé tiwọn jìnnà ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2014, wọ́n rí hóró ringwoodite kan nínú dáyámọ́ńdì tó wá láti Bràsíl. Láàárín kìlómítà 520 sí 660 nísàlẹ̀ ni irú òkúta yẹn máa ń wà, omi inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan àtààbọ̀ nínú 100. Agídí òun náà máa ń dín kù bí omi bá wọ̀ ọ́, ìgbì ìsẹ̀lẹ̀ á sì fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń wá omi níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́ dé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta | Àìkú, 9:02 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ wo àwòrán talc lẹ́ẹ̀kan sí i, òótọ́ lẹ sọ, inú ewé ni OH wà. Èmi ni mo ṣì í.

Ọmọ_Amọ̀kòkò | Ọjọ́rú, 7:15 alẹ́

Lánàá la sun ìkòkò. Mo gbé àwo kan tó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran tó wà níwájú ilé wa: kílò 2. A kó o jọ pẹ̀lú àwọn tó kù, a fi igi àti koríko bò ó, a dáná sí i. Láàárọ̀ yìí tó tutù, mo gbé e padà: kílò 1 àti grámù 850. Kò ya, kò dá, kò sí ègé kan tó bọ́ lára rẹ̀. Ìyá mi gbé e lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé iná máa ń mú ìkòkò fúyẹ́, pé òógùn amọ̀ ni àwọn ń pè é.

Ọmọ_Èsìẹ́ | Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Òógùn amọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òkúta Èsìẹ́ àti quartz fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí a bá tẹ̀ wọ́n yíká, ó ní àfi kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu tísà. Ṣé a lè wá sí Ọ̀fà, sà?

Tísà_Ọ̀fà | Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́

Ẹ máa bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, aago 10, SS2 ló ní fíṣíìsì nígbà yẹn. Mú ègé òkúta rẹ dání, màá mú quartz. Ọmọ Òkèlele, bí ìyá wa bá gbà, a máa nílò àwo yẹn àti òmíràn tí iná ò tíì mú.